Orúkọ Bàbá Lára Ìyẹ́ Ọkọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Wọ́n ti gba tẹlikọmáǹdì Bàbá, èyí tó fi ń darí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀.

Àná ni, lẹ́yìn Mísà, ní pápá ẹ̀gbẹ́ rélùwéè. Mo pọn Tọ́ládé, ó ń sùn, èmi náà ń tòògbé lórí ìdúró. Eruku ọyẹ́ bo àwọn òkè débi pé wọ́n dà bí àwọn obìnrin tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí wọ́n fi ìborùn bo ara wọn. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré Bàbá, èyí aláwọ̀ ewé, ń yípo lókè orí wa, ó ń kùn bí oyin. Nígbà tí mo la ojú, ọlọ́pàá méjì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ọkọ mi, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá kí èèyàn.

Èyí tó kéré nínú wọn, Rodrigue, ló sọ̀rọ̀. Ará gúúsù ni, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ èdè wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Bàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí koríko.

"Ìwé ẹ̀ dà?"

"Ìwé kí ni? Ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ yín ní bátìrì, Bàbá."

Ó ní ẹnì kan ló wá fẹjọ́ sùn pé nǹkan kan ń fò tó ń ṣọ́ àwọn èèyàn. Ó ní òfin ti wà báyìí: ohunkóhun tó bá ń fò tí èèyàn ò sí nínú rẹ̀, ìbáà ṣe dróònù, ìbáà ṣe ọkọ̀ òfuurufú ìṣeré tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó bá ti wúwo ju 250 gíráàmù lọ, a gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kùtọnu, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀ níta gbangba. Ó mú tẹlikọmáǹdì, ó kọ ìwé kékeré kan fún wa pé òun ló mú un. "Ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ sílé. Ọjọ́ tí ẹ bá mú ìwé wá, ẹ ó gba èyí."

Bàbá gbé ọkọ̀ náà mọ́ra títí a fi délé. Ìgbà tó jókòó tán ló kọjú sí mi. Kì í ṣe èmi gan-an ló kọjú sí, ibi tó rò pé mo wà ni.

"Ìyá Tọ́ládé, ìwọ lo kàwé."

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Ọkọ̀ kejì, èyí ńlá tó wà nílé, ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo mọ̀. Orí wa níbí ló so ó rọ̀ sí, lókè ẹní tí èmi àti Tọ́ládé ń sùn lé, torí pé yàrá yìí nìkan ni òjò kì í jò sí. Funfun báláú ni, ìyẹ́ rẹ̀ tó mítà méjì láti ìkángun kan dé èkejì. Fóòmù tí wọ́n fi ń di fíríìjì ló gé, ó fi ọparun ṣe egungun rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Kò tíì fò rí, tẹlikọmáǹdì kan náà ló sì wà fún òun àti kékeré.

Tọ́ládé kì í wo ojú mi tó bá ń mu ọmú. Ọkọ̀ náà ló máa ń wò. Afẹ́fẹ́ á gba ojú fèrèsé wọlé, ọkọ̀ á rọra yí díẹ̀, ojú ọmọ á yí tẹ̀ lé e. Nígbà míì èmi náà á gbójú sókè, gbogbo wa á máa léfòó, ẹní, ọmú, ọmọ, òrùlé. Lẹ́yìn náà ni màá rántí ìṣó tó gbé e dúró, àyà mi á já. Bí ìṣó yẹn bá yọ ńkọ́? Mo ti yí ẹní wa padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe nílé iṣẹ́ ṣúgà. Ó ní abẹ́ tírákítọ̀ ni òun máa ń wà tí ọkọ̀ òfuurufú tó ń fọ́n oògùn sórí ìrèké á fi kọjá, tí òun á sì rọra yọ orí jáde wò ó. Láti ìgbà yẹn ni.

Oṣù Kérésìmesì ni dókítà ojú ní Parakou sọ fún wa pé ojú rẹ̀ ń dí láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó ń fi oògùn sí i, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Bàbá ní bí ẹni tó ń wo ayé láti inú páìpù ni. Dókítà ní tí òjò bá fi máa rọ̀ dáadáa, páìpù náà lè ti dí.

Ohun kan ṣoṣo tó ní òun fẹ́ ni kí òun fi ojú ara òun rí ọkọ̀ funfun yìí lójú ọ̀run, kí ó dojú kọ àwọn òkè. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Oṣù kejì la wà yìí.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kejì

Romaric, ọkọ mi, pè láti Kùtọnu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Priscille, fi bàbá mi sílẹ̀ jọ̀ọ́. Nǹkan tó ń fò, lásìkò tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù àwọn agbébọn yìí? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá máa bi wá ní ìbéèrè ni?" Ẹ̀rù bà mí títí di ọ̀sán. Nígbà tó yá mo rí Bàbá tó ń fi aṣọ tútù nu ìyẹ́ ọkọ̀ náà, tó ń nu ojú kan náà ṣáá, tí eruku wà lójú kejì tí kò rí i. Mo kó ìwé mi, mo pọn ọmọ, mo lọ sọ́dọ̀ Alimatou.

Alimatou ló ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó zẹ́mì, àwọn ọlọ́kadà. A jọ ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ó rí fíìṣì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà, lórí ẹ̀rọ, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀. Kílò mélòó ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó dáa kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kajú nígbà yẹn."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kejì

A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kajú. Kílò méjì àti igba gíráàmù. Ẹni tó ni òṣùwọ̀n ní tó bá jẹ́ kajú ni, òun ì bá ti yọ owó ọ̀rinrin kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kejì

Mo kọ fíìṣì náà tán lónìí, mo fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí mo ṣe síbí, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Orúkọ ìdílé, mo mọ̀ ọ́n, òun náà ni tèmi báyìí. Nọ́ńbà kàátì ìdánimọ̀, Romaric ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kàátì Bàbá wà nítorí ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Ó bínú, àmọ́ ó fi ránṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, mo kọ èyí tí gbogbo ilé ń pè é: Eyínfúnjowó.

Ó wá ku àwọn ìbéèrè. Ṣé ẹ ó máa mú un fò ní ìsàlẹ̀ ọgọ́fà mítà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ ò ní mú un fò lórí ọjà, lórí èrò, lórí ilé ìjọba? A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè keje: ṣé ẹni tó ń darí rẹ̀ á máa fi ojú ara rẹ̀ rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Mo ka èyí fún Bàbá.

"Wọ́n bi mí bóyá mo rí, àbí wọ́n bi mí bóyá màá rí?"

"Bóyá ẹ ó rí ni, Bàbá."

"Fi àmì sí i."

Mo fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Tọ́ládé ké lẹ́yìn mi lákòókò yẹn gan-an. Ọkàn mi ní ọmọ náà rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

Mo lá àlá pé ọkọ̀ funfun ti já kúrò lára ìṣó, pé kò já lù wá, pé ńṣe ló ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ. Àwọn òkè ti dìde lórí ibùsùn wọn. Wọ́n tóbi, wọ́n rọ̀, wọ́n ń ṣí ọ̀nà fún un. Ẹnì kan ń pe orúkọ kan láti òkè, mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ni mò ń wá, mi ò sì gbọ́ ọ dáadáa.

Mo jí, omi ọmú mi ti rin aṣọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ó ti jáde! Alimatou ránṣẹ́ sí mi, mo sáré débẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ ó ń jó níwájú ẹ̀rọ. Ìwé kan péré, nọ́ńbà wà lókè rẹ̀, orúkọ Bàbá wà lábẹ́.

Bàbá ní kí n gbé e sún mọ́ ojú òun. Ó gbà á, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó yí i padà. Ó ní ó dára. Kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Ọjọ́rú Eérú. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní òun á bá mi lọ sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, láti gba tẹlikọmáǹdì náà, torí Bàbá ní ibà. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà pẹ̀lú eérú níwájú orí. Kàátì Bàbá dé láti Kùtọnu lánàá lọ́wọ́ awakọ̀ kan, inú àpò ìwé ni, Màmá ló mú un dání. Èmi ò ṣí i wò. Kí ni mo fẹ́ ṣí i wò sí?

Rodrigue gba ìwé, ó gba kàátì, ó wo èkínní, ó wo èkejì.

"Eyín-fún-jo-wó," ó ń kà á bí ọmọ iléèwé. "Ta nìyẹn?"

"Bàbá Romaric," Màmá dáhùn.

"Kàátì yìí kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó yí kàátì náà sí mi. Mo rí orúkọ kan níbẹ̀ tí mi ò rí rí. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń jẹun nílé ọkùnrin yìí.

"Madame, kí ni orúkọ bàbá ọkọ yín?"

Mo wo Màmá. Màmá ń wo fáànù. Rodrigue kọjú sí i.

"Màmá, kí ni orúkọ ọkọ yín?"

"Bàbá Romaric."

"Orúkọ tí bàbá tirẹ̀ sọ ọ́."

"Ṣé o ò mọ̀wé kà ni? Ó wà lọ́wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀ ọ́n kà, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ fẹnu yín sọ ọ́, kí n mọ̀ pé ẹ mọ ẹni tí à ń sọ."

"Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń se oúnjẹ fún un. Mo mọ̀ ọ́n."

Ọlọ́pàá kejì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ ní kí bàbá náà ya ẹnu, ká ka eyín ẹ̀." Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀já ọmọ dì, ọ̀já tí kò tú.

Rodrigue kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè gbé tẹlikọmáǹdì fún ìwé tí orúkọ orí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ni ín. Kí ẹni tó ni ín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ìta ni Màmá ti dúró.

"Ìwọ lo kọ Eyínfúnjowó sí ìwé ìjọba?"

"Màmá, orúkọ tí ẹ̀ ń pè é nìyẹn."

"Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje ni! Àwọn ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé wọ́n lè máa pe ọmọ ọkọ lórúkọ ni? Mo bá a lẹ́nu wọn ni."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó rẹ́rìn-ín títí eérú iwájú orí rẹ̀ fi ṣàn wá sí imú.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Mo mọ àṣà yìí o, ìyàwó ni èmi náà. Arẹwà ni mò ń pe àbúrò Romaric obìnrin, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn kéékèèké nìkan ló ń ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kò wá sọ́kàn mi pé bàbá àgbà yìí ti fìgbà kan jẹ́ ọmọdé tí àwọn ìyàwó ń pọ̀n, tí eyín rẹ̀ funfun, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀yẹ bẹ̀ ẹ́ kó lọ pọn omi fún wọn. Gbogbo wọn ti kú. Orúkọ tí wọ́n fún un ló kù, mo wá fi ránṣẹ́ sí Kùtọnu.

Bàbá ní òun ò bínú. Ó ní, "Eyín mẹ́rin tó kù yìí, ìjọba ti mọ̀ wọ́n báyìí." Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣòfò. Ó da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Mo nù ún kí ó tó mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Bàbá wọ bùbá funfun rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé èmi ló ń dì mọ́ ọn. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà kọmisáríà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé afẹ́fẹ́. Rodrigue ló mú un kí ó tó ṣubú.

Ó fún un ní àga. Lẹ́yìn náà ló nàka sí ojú títì.

"Bàbá, obìnrin tó ń kọjá lọ́hùn-ún, aṣọ wo ló wọ̀?"

Bàbá gbójú sí ọ̀nà náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Aṣọ tó dára."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Rodrigue nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, àti èmi. Èmi ò lè gbé e mọ́. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, mo ní èmi ni mo fi àmì sí ìbéèrè keje, pé irọ́ ni, pé mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń fi í síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á tì mí mọ́lé, mo ti ń ronú ta ni á fún Tọ́ládé lọ́mú.

"Ọkọ̀ tó wúwo tó kílò méjì," Rodrigue sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọmọ ẹlòmíì ńkọ́, Madame?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìṣó inú yàrá wa ni mo rí. Èmi tí mò ń yí ẹní ọmọ tèmi padà.

Bàbá ní, "Ẹ má bá a wí. Èmi ni mo ní kó ṣe é. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan ni."

Rodrigue fa fíìṣì náà sọ́dọ̀, ó ń fi pẹ́ńnì tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ojú ìlà méjì ló wà níbẹ̀: ẹni tó ni ín, àti ẹni tó ń darí rẹ̀. Ẹnì kan náà la kọ sí méjèèjì. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹnì kan náà.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n darí nílé yín?"

"Kò sí," ni mo wí.

Bàbá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. "Òun."

"Èmi? Bàbá, ẹ̀rù àkàbà ń bà mí!"

"Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni mo fẹ́. Kò ní fi mí ṣeré."

Rodrigue gbé pẹ́ńnì fún mi kí n kọ ọ́ tuntun. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, ọwọ́ mi dúró. Bàbá gbọ́ pé pẹ́ńnì ò lọ mọ́. "Mo ní kí o kọ ọ́," ó wí, "mi ò ní kí o pè mí." Mo da kàátì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Ọláìtán. Mo kọ tèmi sí ìlà kejì.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Bàbá gé iṣu sí méjì, ó ki igi tín-ín-rín méjì bọ ìlàjì rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Tẹlikọmáǹdì rẹ nìyí. Igi òsì, agbára. Igi ọ̀tún, ìyípadà. Di ojú rẹ."

Abẹ́ máńgòrò la jókòó sí. Ó ń sọ ọ́ fún mi: ó ti gbéra, ó ti kọjá orí koríko, afẹ́fẹ́ ń tì í sí ọ̀tún, mú un padà, rọra, kì í ṣe ata lò ń gún. Tó bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ, òsì rẹ ti di ọ̀tún rẹ̀, má gbàgbé. Mo di ojú, mo sì rí i. Mo rí gbogbo rẹ̀, òrùlé wa, ìlà rélùwéè tí koríko ti bò, àwọn oko kajú, àwọn òkè pẹ̀lú ẹ̀yìn wọn tó gbóná. Mi ò bẹ̀rù nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò mọ ìgbà tí mo rí irú ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Iṣu ti wọ́n báyìí," Màmá kígbe láti ilé ìdáná, "ẹ̀yin ń fi í ṣeré!"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

A jẹ tẹlikọmáǹdì náà lónìí. Màmá sè é, kò gbà wá láyè mọ́. Bàbá gé òmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Lórí ẹ̀rọ Alimatou ni mo ti ṣe ìdánwò tí ìjọba ń fún àwọn tó fẹ́ darí ọkọ̀ òfuurufú. Ogún ìbéèrè, èdè Faransé. Mo gba méjìdínlógún. Ọ̀kan nínú èyí tí mo ṣì ni bóyá èèyàn lè darí tó bá rẹ̀ ẹ́. Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Alimatou ní ìyá ọmọ nìkan ló lè ṣi ìyẹn.

Ara Tọ́ládé gbóná. Mi ò kọ púpọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹta

Ara rẹ̀ ti tutù. Eyín ni. Ọ̀kan, nísàlẹ̀. Bàbá fi ìka kàn án, ó ní, "Funfun ni, àbí?" Mo ní funfun ni.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Ó rọ̀ láti aago mẹ́ta títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ìlú ń rùn bí amọ̀ tuntun, àwọn òkè dúdú, wọ́n ń dán, omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí òógùn. Gbogbo èèyàn ń yọ̀. Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sínú òjò, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ilẹ̀ ti ṣú.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Ìwé ti dé. Ọláìtán ló ni ín. Priscille ló ń darí rẹ̀. Nọ́ńbà náà parí sí 417. Mo kà á ní ìgbà mẹ́rin lójú títì, zẹ́mì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi.

Rodrigue gbé tẹlikọmáǹdì jáde láti inú àpótí. Ó ti fi aṣọ wé e. Ó ní, "Ìgbà wo ni?"

"Tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́."

"Ẹ sọ fún mi. Kì í ṣe ti iṣẹ́."

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Mo fi ọ̀dà dúdú kọ nọ́ńbà sábẹ́ ìyẹ́ méjèèjì. Òfin ò ní ká kọ ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n àyè ṣì kù, mo sì kọ orúkọ Bàbá sí ẹ̀yìn nọ́ńbà náà, lẹ́tà ńlá. Màmá wá, ó wò ó pẹ́. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ohun tó jẹ́. Ó ní, "O rí orúkọ kọ o." Ó lọ.

Bàbá nawọ́ mú ìgò oògùn ojú rẹ̀ dípò etí kọ́ọ̀bù lónìí. Afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹrin

Afẹ́fẹ́. Òjò.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù kẹrin

Ajé Àjíǹde. Aago méje àárọ̀, ewé kan ò mì.

Àwa péréte ni ní pápá ẹ̀gbẹ́ rélùwéè: Bàbá lórí àga pẹ̀lú Tọ́ládé lórí itan rẹ̀, Màmá, Alimatou, Rodrigue tó wọ ṣòkòtò péńpé. Kò sí èrò, kò sí ilé nítòsí, mo ti wo ojú ọ̀run ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ bí ìwé ṣe wí. Mo ní kí Rodrigue bá wa jù ú sókè torí òun ló ga jù.

"Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa ló ń jù ú sókè fún wa yìí," Màmá wí. "Ayé mà dùn o."

Ó sáré, ó jù ú. Ọkọ̀ náà rì díẹ̀, lẹ́yìn náà ìyẹ́ rẹ̀ mú afẹ́fẹ́, ó gòkè. Oòrùn là á kọjá. Ó funfun ju bó ṣe wà nínú yàrá wa lọ. Ó dà bí pé nǹkan kan já kúrò lára ìṣó nínú mi, tí kò sì já lu ẹnikẹ́ni.

"Mo rí i," Bàbá wí.

Mo yí i sọ́nà àwọn òkè.

"Mo ṣì ń rí i. Màmá Romaric, mo ń rí i! Ó ń gòkè."

Ó ti dé orí àwọn igi kajú. Mi ò gbójú kúrò lára rẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ tí àga Bàbá dún, bí ẹni tó tẹ̀ síwájú. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ó ti kúrò lójú mi," ó wí. "Sọ fún mi."

Mo ń sọ fún un. Ó wà níwájú òkè tó tóbi jù, Bàbá. Òjìji rẹ̀ ń gun àpáta. Ó ń yí padà báyìí, ìyẹ́ rẹ̀ kan wà nísàlẹ̀, mo rí nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ó wọnú oòrùn, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Funfun nìkan.

"Bàbá, mi ò rí i!"

"Má wá a kiri. Gbọ́ mi. Òsì rẹ ló wà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ ọ. Fi agbára díẹ̀ sí i. Ó tó. Mú un wá sọ́wọ́ ọ̀tún. Rọra. Kì í ṣe ata."

Ó jáde láti inú oòrùn sí ibi tó ní ó wà gan-an.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú koríko. Ó fi ikùn rá, ó dúró. Alimatou ń pariwo. Rodrigue pàtẹ́wọ́, ó tún ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀.

A gbé ọkọ̀ náà wá síwájú Bàbá. Ó fi ìka wá ìyẹ́ rẹ̀, ó rí ibi tí ọ̀dà ti nípọn, ó ń tọ̀ ọ́.

"Kí lo kọ síbí?"

"Nọ́ńbà ni, Bàbá."

"Kà á."

Mo kà á títí dé 417. Ìka rẹ̀ kò dúró. Ó ṣì ń lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà kan, lẹ́tà kejì.

"Èyí ńkọ́?"

Mo wo Màmá. Màmá fa ìborùn bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó kọjú sí àwọn òkè. "Èmi ò sí níbí," ó wí.

Tọ́ládé ti di àgbọ̀n Bàbá mú. Mo tẹ̀ síwájú kí n má baà pariwo rẹ̀.

"Ọláìtán," ni mo kà.

"Hẹn," Bàbá dáhùn, bí ọmọ tí wọ́n pè láti inú ilé.

Lẹ́yìn náà ni Màmá sọ láti abẹ́ ìborùn pé abo adìẹ kan ni ìtanràn ìyàwó tó bá pe orúkọ bàbá ọkọ, kí n má sì mú èyí tó rù wá.